Honda Tíṣà: Ohun tí ọmọ fi pamọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, inú ẹ́ńjìnì ló ti bá a pàdé

Bí èèyàn bá gba ọ̀nà Àdátán kọjá l'Abẹ́òkúta láàárọ̀ Sátidé, tó sì fara balẹ̀, yóò gbọ́ ìró alùpùpù kan tó yàtọ̀ sí tàwọn ọlọ́kadà. Tàwọn ọlọ́kadà ń pariwo bí ẹni tí ajá ń lé bọ̀. Ti eléyìí rọ̀, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọ́ìlì. Honda CD 175 ni. Ọdún 1975 ni wọ́n rà á ní tuntun. Ẹni tó rà á ti kú láti 2001, ọmọ rẹ̀ ló ń gùn ún báyìí. Òun náà kì í ṣe ọmọdé mọ́ o, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ̀sán. Síbẹ̀, Ọmọ Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é títí dòní, pẹ̀lú gbogbo ewú orí rẹ̀.

Àwọn tó ń rí i bó ṣe ń fi àkísà funfun nu Honda náà rò pé ìfẹ́ nǹkan àtijọ́ lásán ni. Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, tiẹ̀ máa ń sọ pé òun kò fojú kan orogún rí láti ọjọ́ tóun ti wọlé ọkọ, ìgbà tí ọkọ òun fẹ̀yìn tì tán ló wá lọ fẹ́ irin lé òun lórí. Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí Honda yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọkùnrin kan pàdánù ṣọ́ọ̀bù àti orúkọ rere nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Owó Udoji ló ra Honda náà. Àwọn tó dàgbà kò jẹ́ gbàgbé owó yẹn. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ sọ fún ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon pé kí wọ́n fowó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 1975, owó ti ń jáde, àti tuntun àti àjẹsílẹ̀. Ẹni tó ra rédíò ra rédíò, ẹni tó ra tẹlifíṣàn ra tẹlifíṣàn, àwọn kan sì fi tiwọn fẹ́yàwó kún ìyàwó. Tíṣà ní tirẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, kẹ̀kẹ́ ló ti ń gùn lọ tó ń gùn bọ̀ láti ọdún yìí wá. Bí owó ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Èkó ló kọrí sí, Honda ló gùn bọ̀ wálé.

Ká sòótọ́, ó mọ ohun tó ń rà. Soichiro Honda tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Japan ní 1948, ẹ́ńjìnì kékeré ló kọ́kọ́ ń dè mọ́ kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Super Cub tí wọ́n gbé jáde ní 1958, iye tí wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 100 nígbà tó fi di 2017. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ sí Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, tí wọ́n ti ń to alùpùpù pọ̀. CD 175 yìí ní tirẹ̀, máṣíìnì òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ọmọ aláfẹ́. Sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ méjì, kabúrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń fún méjèèjì lépo. Páànù ni wọ́n fi bo ṣéènì rẹ̀ látòkè délẹ̀, eruku kò rí i bá jà. Bí èèyàn bá ń bójú tó o bó ṣe yẹ, yóò gun ún títí tí yóò fi sú u.

Ẹni tó ń bá Tíṣà bójú tó o ni ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan tí gbogbo Àdátán ń pè ní Ọ̀gá Honda. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́ débi pé gbogbo tíṣà tó fowó Udoji ra máṣíìnì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà. Òun àti Tíṣà di ọ̀rẹ́, wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà.

Ní Fúráìdé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1978, Ọ̀gá Honda bá Tíṣà to kọ́ńtáàtì àti tápẹ́ẹ̀tì máṣíìnì náà. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ náírà márùn-ún. Tíṣà ní òun yóò san án bí ọdún tuntun bá wọlé, ó ní kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sátidé, Tíṣà ti òde dé nírọ̀lẹ́, ó gbé bàsíà sábẹ́ ẹ́ńjìnì, ó tú bóòtù ìsàlẹ̀, ó da ọ́ìlì dúdú inú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ máṣíìnì mọ̀ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ṣì gbóná ni ọ́ìlì àtijọ́ máa ń sàn jáde tán. Ó dá bóòtù padà, ó mú un le. Ìgbà tó máa na ọwọ́ sí agolo ọ́ìlì tuntun tó rò pé ó wà nílé, òfìfo ló bá. Ilẹ̀ ti ṣú. Ó ní bílẹ̀ bá mọ́ òun yóò ra òmíràn kóun tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó da aṣọ bo Honda, ó wọlé lọ sùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ì bá sọ fún?

Bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ti lọ ṣèlérí fún ọmọbìnrin kan pé òun yóò fi Honda gbé e lọ síbi àríyá kan ní Ìbarà lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí gbogbo ilé sùn tán, ó rọra ti máṣíìnì jáde dé ìkòríta, ó ta á lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Wọn kò dé Ìbarà. Níbi tí wọ́n ti ń gun òkè lápá Sàpọ́n, ó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ń pọ́n àdá lórí òkúta. Agbára máṣíìnì náà ṣí wọ̀ọ̀, ẹ́ńjìnì gan mọ́ wọn nídìí. Ọmọbìnrin yẹn fẹsẹ̀ rìn lọ sílé wọn, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi lọ fẹ́ ẹlòmíì. Ọmọkùnrin jókòó sẹ́bàá títì títí tí ẹ́ńjìnì fi tutù, ó wá ń ti Honda bọ̀ wálé nínú òkùnkùn. Aago mẹ́rin ìdájí kọjá kó tó dé. Ó da aṣọ bò ó gẹ́gẹ́ bó ṣe bá a.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Tíṣà ra ọ́ìlì, ó dà á sí i, ó ta á. Ó dáhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo kọ́kọ́kọ́ ń jáde lókè ẹ́ńjìnì, èéfín búlúù sì bo gbogbo ojúlé. Ta ló fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn? Ọ̀gá Honda ni. Kí ló fọwọ́ kàn? Òkè ẹ́ńjìnì náà ni. Ẹjọ́ ti tán nìyẹn lójú Tíṣà. Kò tiẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ilé ọkùnrin náà ló gbà lọ, ó sì sọ ọ́ sí i lójú níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ó ti yọ páàtì ọrijínà òun tà, ó fi ayédèrú sí i. Ọ̀gá Honda búra, ó fi irin sẹ́nu, ó ní òun kò ṣe é. Tíṣà kò gbọ́. Náírà márùn-ún yẹn náà, kò san án.

Nígbà yẹn, ohun tí tíṣà kan bá sọ nípa mẹkáníìkì, gbogbo tíṣà ló gbọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó máṣíìnì wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tú ká. Kí ọdún 1979 tó parí, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn ti tì. Ọmọ Tíṣà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà lọ sí ilé ìwé. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀rù pàṣán ló bà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìtìjú ló dí i lẹ́nu. Nígbà tí bàbá wà lórí àìsàn ní 2001, ó jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ náà ń dé ètè rẹ̀, ó ń gbé e mì.

Èkó ni Tíṣà gbé Honda lọ fún àtúnṣe. Ó tún gùn ún títí di 1987, ṣùgbọ́n ariwo òkè yẹn kò lọ. SAP tí ìjọba Babangida gbé dé ní 1986 ti já náírà wálẹ̀, owó páàtì ọrijínà ti kọjá ohun tí owó oṣù tíṣà lè ra. Ó tì í sábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé. Adìyẹ ń yé lórí rẹ̀, àwọn ọmọ ń sá aṣọ sí i.

Ní 2021, ọdún kan lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, àwọn ọmọ Tíṣà jókòó láti pín ohun tó kù nílé. Àbúrò rẹ̀ kan ti pe àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù. Ọmọ náà ti dé pẹ̀lú ọmọlanke, ó ti ń fojú wọn Honda. Ìwọ̀n irin ni wọ́n fẹ́ fi rà á, bí ìgbà tí wọ́n ń ra ìkòkò tó lu. Ọmọ Tíṣà dìde, ó ní òun kò fẹ́ ilẹ̀, òun kò fẹ́ àga, Honda ni kí wọ́n fún òun. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n rò pé fífẹ̀yìn tì ló ti dà á lórí rú.

Ìwé ni iṣẹ́ tó ṣe ní gbogbo ayé rẹ̀, kì í ṣe sípánà. Ṣùgbọ́n ó ní sùúrù, àtúnṣe máṣíìnì àtijọ́ kò sì fẹ́ ju ìyẹn lọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo sikurú, fún àpẹẹrẹ. Sikurú tó de ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì àwọn ará Japan ní àmì àgbélébùú lórí, ó jọ èyí tó wà lọ́jà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Òdiwọ̀n tiwọn lọ́tọ̀ ni, JIS ni wọ́n ń pè é. Bí èèyàn bá fi sikurudiráfà Phillips tú u, ẹnu rẹ̀ kò ní í wọlé dáadáa, yóò máa yọ̀, yóò sì jẹ ojú sikurú náà di róbótó. Ẹni tí kò bá wá mọ̀ á gbé ṣísẹ́ẹ̀lì. Ojú àpá ṣísẹ́ẹ̀lì pọ̀ lára Honda Tíṣà bí ilà ojú. Ọmọ Tíṣà ra sikurudiráfà tí wọ́n ń fi òòlù lù lórí, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti lù ú báyìí ni yóò yí díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tú sikurú ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá ń kánjú, ọjà ọlọ́kadà ni kó lọ.

Ẹ́ńjìnì kò yí rárá. Òjò ti gba orí páànù tó jò wọ inú rẹ̀, ríìnì ti dípẹtà mọ́ ara sìlíńdà. Ó yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ó po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí gíà mọ́tò, ó dà á sí ihò méjèèjì, ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyá Ìbejì ń bi í léèrè bóyá ó ti jinná. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó fi Honda sí gíà kẹrin, ó di táyà ẹ̀yìn mú, ó ń mì í síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Kò fagbára sí i, ẹni tó bá fagbára sí i á ṣẹ́ nǹkan. Nígbà tó pẹ́, ó gbọ́ kẹ̀, táyà náà yí. Ó pariwo débi pé àwọn aládùúgbò sá jáde.

Táǹkì kún fún ìpẹtà. Ó kó nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ àti kẹrosíìnì sínú rẹ̀, ó dí i lẹ́nu, ó ń mì í bí onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kabúrétọ̀ ní tirẹ̀ ní àwọn ihò kan tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni epo ń gbà. Idẹ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, idẹ sì rọ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti máa ki wáyà irin bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ihò náà ń fẹ̀ sí i, tí máṣíìnì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí ọ̀mùtí. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni Ọmọ Tíṣà fi ro ó, ó sì fẹnu fẹ́ ẹ. Bátìrì Honda náà, volt 6 ni, kò sí i lọ́jà máṣíìnì mọ́. Èyí tó wà nínú lántánì tí wọ́n ń fi iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì sọ lágbára, volt 6 lòun náà, òun ló lọ rà.

Títí di ìgbà yẹn, inú rẹ̀ ń dùn. Ọjọ́ tó ṣí òkè ẹ́ńjìnì ni inú rẹ̀ bà jẹ́.

Ọ̀pá kan wà lókè pátápátá tí wọ́n ń pè ní kámṣáàfù, òun ló ń ṣí fáfù. Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù bá fà láti ìsàlẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọ̀pá náà máa jẹ irin tó gbé e ró. Nítorí pé òkè ló wà, òun ni òùngbẹ ọ́ìlì máa ń kọ́kọ́ pa. Nígbà tí Ọmọ Tíṣà yọ ọ́ jáde, tó fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tó ń yí lé, ojú ibẹ̀ ti ha gbúngbùngbún bí ojú ọ̀nà tí ẹ̀kún omi ti wọ́. Ó wo písítìn, ó rí i pé wọ́n ti tẹ 0.50 sí wọn lórí. Ìyẹn ni pé l'Ékòó lọ́jọ́sí, ńṣe ni wọ́n gbẹ́ sìlíńdà fẹ̀, wọ́n fi písítìn tó tóbi sí i, wọ́n gbowó, wọ́n sì pa ibi tí àìsàn wà gan-an dé padà. Ó fi ìka pa ojú ibi tó ha náà. Títo tápẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kó burú tó, kò lè ṣe irú èyí láàárín ọjọ́ méjì. Àìsí ọ́ìlì nìkan ló lè ṣe é. Láti ọdún yìí wá, ó ti máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ta ló mọ̀, bóyá Ọ̀gá Honda náà ṣe nǹkan kan sí i. Ó ti rí i báyìí, bóyá kò sí níbẹ̀.

Kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ rò pé owó páàtì ló ń rò.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló bá a wá páàtì. Àwọn òyìnbó ibẹ̀ ti gun CD 175 lọ síbi iṣẹ́ lásìkò kan náà tí àwọn tíṣà wa ń gùn ún, àwọn àgbà wọn sì ṣì ń tún un ṣe nínú gáréèjì ilé wọn. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹgbẹ́, Vintage Japanese Motorcycle Club, àwọn kan sì ń tú àlòkù tà lẹ́yọ-lẹ́yọ. Orí ẹ́ńjìnì kan, kámṣáàfù rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì àti kọ́ńtáàtì tuntun wọlé nínú àpótí arìnrìn-àjò kan, aṣọ ọmọdé ni wọ́n fi wé wọn. Sikurudiráfà JIS wà nínú rẹ̀. Ó fẹnu kò ó.

Ó to gbogbo rẹ̀ padà. Kọ́ńtáàtì, àlàfo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 0.3 mm, kò gbọ́dọ̀ ju 0.4 lọ. Tápẹ́ẹ̀tì, 0.05 mm, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Ó fi fílà gééjì wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Iná ń ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, epo ń wọlé. Ó ta á, kò dáhùn. Ó ta á títí tí orúnkún fi dùn ún. Ńṣe ló ń tú itọ́ epo padà láti ẹnu kabúrétọ̀, tó ń dún pọ́ọ̀.

Ó pe àwọn ọmọ tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní páàkì. Ta ni yóò bá wọn wí? Nígbà tí orúkọ ọ̀kadà fi ti ara bàálù Okada Air wá sára alùpùpù akérò, àwọn ọmọ yìí kò tíì sí láyé. Bajaj àti TVS láti Íńdíà ni wọ́n mọ̀, sìlíńdà kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wọn ló wá ní bàbá kan wà ní Láfẹ́nwá tó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ṣe, tó máa ń fọ́nnu pé kò sí Honda oní-sìlíńdà méjì tóun kò mọ̀. Ọmọ Tíṣà ò bèèrè orúkọ bàbá náà. Ó ti mọ̀ ọ́n.

Oṣù márùn-ún ni Honda tún fi dúró síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2022, ó wọ Láfẹ́nwá.

Bàbá náà jókòó lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì. Àlejò kí i, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá. Ọmọ Tíṣà ni, ti Àdátán."

Bàbá náà gbé sípánà sílẹ̀. "Tíṣà tó ní mo jí páàtì òun tà?"

Ọmọ Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí gírísì kún. Ó ka gbogbo rẹ̀ látorí bàsíà dórí òkè Sàpọ́n. Bàbá náà ò dá a dúró. Nígbà tó sọ tán, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Láti Àdátán dé Sàpọ́n, láìsí ọ́ìlì? O gbé èèyàn sẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá."

Ó mi orí. "Ó gbìyànjú. Honda yẹn gbìyànjú." Lẹ́yìn ìyẹn lohùn rẹ̀ wá yí padà. "Ìyá àwọn ọmọ mi ta aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́dún náà ká tó rí jẹ. Ó ti kú. Ta lo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún nípa tìyẹn? Dìde, o ń fi aṣọ nu ilẹ̀ fún mi."

Kò sọ pé òun dárí jì í. Títí dòní, kò tíì sọ ọ́. Ọmọ Tíṣà ní kó dá iye owó tó bá wù ú, ó ní òun kò fẹ́ owó ẹnikẹ́ni. Nǹkan méjì ló ní òun fẹ́. Èkíní, náírà márùn-ún iṣẹ́ ọjọ́ Fúráìdé yẹn. Èkejì, kí Ọmọ Tíṣà lọ sọ ohun tó sọ yìí níwájú àwọn tíṣà tó bá ṣẹ́kù láyé, kí òun náà wà níbẹ̀.

Ó wá sí Àdátán lọ́jọ́ kejì. Kò kí Honda, kò kí onílé. Ó ta á lẹ́ẹ̀kan, ó dẹtí sí i. Ó tún ta á. Ó ní, "Eyín kan." Ohun tó ń sọ ni pé jíà ṣéènì tó ń yí kámṣáàfù ti fi eyín kan kọjá ibi tó yẹ kó wà, fáfù ò ṣí lásìkò. Nígbà tí àmì T tó wà lára irin tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì bá bá ilà ara rẹ̀ dọ́gba, àmì tó wà lára jíà òkè náà gbọ́dọ̀ dúró síbi tirẹ̀. Ọmọ Tíṣà ti wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò wò ó lọ́gangan. Wọ́n tú u, wọ́n yí i padà. Ìtapa kejì ló dáhùn. Bàbá náà sún sẹ́yìn, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ohùn ẹni tó ti kú. Ariwo òkè yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Náírà márùn-ún wá di wàhálà. Owó náà ṣì jẹ́ owó lójú ìjọba, ṣùgbọ́n ta ló ń ná an? Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọmọ Tíṣà fi wá a kó tó rí ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan ní ọjà Kútọ̀. Igba náírà ló fi gbà á.

Nínú oṣù Kìíní 2023, níbi ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mẹ́rin péré ló kù nínú àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ọmọ Tíṣà dúró láàárín, ó sọ ọ́. Ẹnì kan kígbe pé kí ló dé tó fi ń tú àṣírí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ikú, òkú kò lè wí tẹnu ẹ̀. Òmíràn ní kò burú, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, gbogbo wa la ti ṣèṣe ọmọdé rí. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fi ọ̀pá dìde, ó rìn lọ bá Ọ̀gá Honda níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Suzuki tèmi náà, mo gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ. Mi ò tiẹ̀ bi ọ́ léèrè." Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò bá ara wọn sọ nǹkan mìíràn.

Ọmọ Tíṣà na náírà márùn-ún náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bàbá náà wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì tì í bọ inú fìlà.

Nígbà tí ìpàdé tú, Ọmọ Tíṣà ní kí Bọ̀dá jẹ́ kóun fi Honda gbé wọn dé Láfẹ́nwá. Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ibi ìtapa, ó fẹ́ ta á. Bàbá náà ní kó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ ìdérí ọ́ìlì tó ní ọ̀pá lẹ́nu, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó tì í wọlé, ó tún fà á jáde, ó gbé e sókè sójú oòrùn.

"Ó dé ojú àmì," ló wí. Ó dá a padà, ó gun ẹ̀yìn.